Ohun Tí Ojú Ìwé Wa Sọ fún Àlejò

Ní Ṣágámù, lóru ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Ọ̀wàrà,
sáfà kú ní Mákùn.
Kò sẹ́ni tó gbọ́.
Àgbàrá ń sáré lọ sódò Ìbú,
jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́,
àká tí a kó orúkọ àwọn olóbì sí
ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Èmi Mosúnmọ́lá, ọmọ Ọnàfùwà, ló kọ kóòdù náà.
Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń yangàn:
tẹ nọ́ńbà rẹ, wàá rí iye àpò obì rẹ ní sítọ́ọ̀,
gbànja mélòó, àbàtà mélòó,
èyí tí kòkòrò ti jẹ, èyí tó ṣì ń dán.
Ohun tí n kò bi ara mi rí ni pé
bí àká bá kọ̀ tí kò dáhùn ńkọ́,
kí ni ojú ìwé yóò sọ fún ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà?

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, fóònù dún.
Màmá Odùnúgà ni, láti Ọ̀fín.
Kò tilẹ̀ kí mi.
“Mosún, ta ló ń jẹ́ adari_obi?
Kí ni Ibu2009 tó tẹ̀lé e?
Obì mi ni mo fẹ́ wò, fóònù wá ń ro ẹjọ́ ilé yín fún mi.”

Ara mi tutù.
Orúkọ tí mo fi ń wọlé ni, àti ọ̀rọ̀ aṣínà,
àti àdírẹ́sì àká, àti ìlà kẹtàdínlógójì nínú fáìlì mi,
gbogbo rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ lójú fóònù arúgbó
bí aṣọ abẹ́ tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀.
Àlejò bèèrè omi; ọmọ ilé wa ní omi ti tán,
pé kọ́kọ́rọ́ kànga wà lábẹ́ ìrọ̀rí bàbá.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi han ẹnikẹ́ni.”
Ó ní, “Ọmọ-ọmọ mi ló kà á fún mi.”

Ìbẹ̀rù tì mí sínú àṣìṣe kejì.
Mo fi ọwọ́ bo gbogbo ariwo lẹ́nu:
ohunkóhun tó bá bàjẹ́, kí ojú ìwé ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan.
Lọ́sàn-án, Málàm Ìdí wọlé láti Sábó,
ó bá òdo níwájú orúkọ rẹ̀.
Òdo! Ọkùnrin tó ní àpò mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún!
Kò bú mi. Ó gun ọ̀kadà wá, ó jókòó,
ó gbé fóònù lé tábìlì, ó ń wò ó bí ẹni ń wo òkú.
Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ náà ń purọ́.

Mo tún un kọ. Ọjọ́ mẹ́ta.
Níbi tí kóòdù ti ń kan ilẹ̀kùn àká, mo fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀.
Bó bá kàn tí wọn ò ṣí, kó dúró ìṣẹ́jú àáyá kan,
kó tún kàn; kó dúró méjì; kó dúró mẹ́rin;
lẹ́yìn ìyẹn kó fi sílẹ̀,
torí ẹni tó ń gbá ilẹ̀kùn aláìsàn láìsinmi
ni kò ní í jẹ́ kó dìde.
Èyí tó bá sì ṣí, kó rántí tì í padà.
Òótọ́ ọ̀rọ̀, pẹ̀lú wákàtí, pẹ̀lú ìlà,
inú ìwé àkọsílẹ̀ ilé ni kó kọ ọ́ sí, kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ jí mi.
Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo.
Ọ̀rọ̀ aṣínà? Mo pa á dà, mo yọ ọ́ kúrò nínú kóòdù,
n ò sì ní í sọ ibi tó wà fún ẹ̀yin náà.

Ó wá ku ohun tí a ó sọ fún àlejò.
Ibẹ̀ ló le jù. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, lẹ́ẹ̀mẹsàn-án,
kí n tó kà á fún Màmá Odùnúgà:
“Ẹ má bínú. Ọwọ́ wa ò tó àkọsílẹ̀ yín báyìí.
Obì yín wà níbi tó wà.
Ẹ padà wò ó ní wákàtí kan sí i.”
Ó ní, “Má yọ ti àárín yẹn o. Òun ni màá fi sùn.”

Lánàá, òjò tún rọ̀. Sáfà tún kú.
Àtẹ̀jíṣẹ́ jí mi láago mẹ́ta, mo ń wá bàtà nínú òkùnkùn.
L'Ọ́fín, kò sẹ́ni tó jí.